Dígí Ojú-Ẹja Lórí Àpáta Ìkúnlẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Mo kí ẹni tó jókòó sábẹ́ igi ka ìwé yìí, mo kí ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, mo kí ìyá tó ń kà á sókè fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí ọbẹ̀ tó jinná. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ẹlẹ́dàá, ẹni tó ṣe ayé ní roboto, tó wá fi ojú méjì péré sí wa níwájú orí, kí a lè máa rántí pé òun nìkan ló ń rí iwájú àti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ló mú mi wọ igbó, òun náà ló mú mi jáde, mo sì fi ìyìn fún un kí n tó sọ ọ̀rọ̀ kankan.

Orúkọ mi ni Jeremáyà Ọdẹ́yalé. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń ṣọdẹ, mo sì ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìkórè ìjọ wa ní Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́, lẹ́yìn tí a jẹun tán, wọ́n gbé àga kalẹ̀ fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n sọ ìrìn-àjò mi sí Àpáta Ìkúnlẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà ni mo kọ ọ́ síhìn-ín, àti gbogbo ìyọlẹ́nu Láníhùn gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹni tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹlòmíràn bá ń sọ̀rọ̀.

Mo ní: Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ kúkú mọ̀ mí. Èmi ni mo dojú kọ ẹfọ̀n létí odò Gbòǹgbò, tí ẹfọ̀n wo ojú mi tó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé.

Láníhùn ní, "Bàbá, lọ́dún tó kọjá, ẹ ní ẹfọ̀n méjì ni."

Mo ní, "Èkejì ń bọ̀ lẹ́yìn. Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, Láníhùn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, mo sì bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àwẹ̀ró. Kí wọ́n tó bí i, ọmọ mẹ́rin ni ìyá wa Rúùtù ti bí tí wọn kò dúró. Nígbà tí oyún Àwẹ̀ró wà nínú rẹ̀, ó gun àpáta kan tó wà ní ìkángun igbó, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ fún ọjọ́ méje, ó ń gbàdúrà. Nígbà tó dìde, àpáta ti rọ̀ lábẹ́ orúnkún rẹ̀ bí amọ̀ tútù, kòtò kékeré méjì sì wà níbẹ̀ títí di òní. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ó máa ń mú wa lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà igbó dí ojú ọ̀nà, àwọn iwin gba ọ̀nà náà, ó sì lé ní àádọ́ta ọdún tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò dé ibẹ̀ mọ́.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti kú, tó ń dùbúlẹ̀. Kò ráhùn. Orin ìyìn ló máa ń ti ẹnu rẹ̀ jáde láàárọ̀, ẹ̀yin aládùúgbò lẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ojú rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ojú wò ó, ó ní kò sí iṣẹ́ tí ọwọ́ òun lè ṣe sí i, pé kí iṣu tuntun tó jáde, ìmọ́lẹ̀ yóò ti tán nínú ojú méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ pè mí. Ó pè mí ní Àlàdé, oríkì mi, tí kò sí alààyè mìíràn tó tún ń pè mí bẹ́ẹ̀.

"Àlàdé, mo fẹ́ rí àpáta ìyá wa kí ojú yìí tó pa dé."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, màá lọ síbẹ̀ fún yín. Màá wò ó dáadáa, màá sì wá ròyìn rẹ̀."

"Ìwọ? Ìwọ tó fi ẹfọ̀n kan ṣe méjì? Bí o bá dé láti ibẹ̀, wàá ní o bá ìyá wa tó ń dín àkàrà. Mi ò fẹ́ ìròyìn. Mo fẹ́ fi ọrùn ara mi wo ọ̀tún, kí n wo òsì, kí n wo ẹ̀yìn, kí n gbójú sókè wo ojú ọ̀run tó wà níbẹ̀. Kí n sì wo ilẹ̀, níbi tí orúnkún ìyá wa gbé wà."

Nígbà tí mo dìde, ó ní, "Bí o bá débẹ̀, kúnlẹ̀ fún mi."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ará, ẹ mọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín. Èmi kì í kúnlẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni pé ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀ ni, àwọn obìnrin ló ń kúnlẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, bí àlùfáà bá ní kí a kúnlẹ̀, gbogbo yín a lọ sílẹ̀, èmi a dúró gbọnin, màá fi fìlà ọdẹ há abíyá, màá tẹ orí ba. Àwẹ̀ró ti gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́bìnrin. Ìdáhùn mi kò yí padà: "Ọlọ́run mọ̀ mí lórí ìdúró."

Báwo wá ni ènìyàn ṣe ń gbé àpáta wá fún ẹni tí kò lè rìn? Ọlọ́run tí kì í pẹ́ jù ló rán Ọ̀gbẹ́ni Ṣókẹ̀yẹ sí wa. Ayàwòrán ni, láti Ìbàdàn, tó wá ya àwòrán ayẹyẹ ìjọ wa. Ó ní kámẹ́rà kan tí dígí rẹ̀ yọ gọngọ síta bí ojú ẹja. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, mo wo inú rẹ̀, mo pariwo! Ẹnu ọ̀nà níwájú mi, mo rí i. Fèrèsé lápá ọ̀tún, mo rí i. Fèrèsé lápá òsì, mo rí i. Àjà lókè, mo rí i, bàtà mi nísàlẹ̀, mo rí i. Gbogbo wọn wà nínú òbìrípo kan ṣoṣo, wọ́n tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ bí ìgbà tí àwọn ìránṣẹ́ bá tẹríba yí ọba ká. Àádọ́ta ọdún ni mo fi ń di ojú kan láti fi wo ojú ìbọn. Èmi kò mọ̀ pé ojú kan ṣoṣo lè lawọ́ tó báyìí.

Ṣókẹ̀yẹ kọ́ mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní, "Bàbá, ẹ ó ya mẹ́fà yí ká, ẹ ó ya ọ̀kan sókè, ẹ ó ya ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ díẹ̀ lára èyí tó tẹ̀ lé e, ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan. Níbi tí wọ́n ti jọ rí ohun kan náà ni kọ̀ǹpútà yóò ti rán wọn pọ̀. Bí ó bá rán wọn tán, wọn yóò di bọ́ọ̀lù, ẹni tó bá ń wò ó yóò sì wà nínú bọ́ọ̀lù náà."

Ó fi kọ̀ǹpútà kékeré kan sínú àpò mi, ó sì gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan fún mi, ó ní orí igi náà ni kí kámẹ́rà máa dúró sí. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọwọ́ yìí? Ọwọ́ tó gbé ìbọn dúró de ẹkùn láti àárọ̀ dé ọ̀sán láìgbọ̀n? Mo di igi náà mọ́ ẹ̀yìn kí n má bàa dójú tì í, mo dágbére, mo gbọ̀nà igbó lọ.

Igbó àkọ́kọ́ ni Igbó Àìbojúwẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni tó bá wo ẹ̀yìn nínú igbó yìí yóò di òkìtì ọ̀gán lójú ẹsẹ̀. Mo rí òkìtì ọ̀gán níbẹ̀ tó dé fìlà, mo rí èyí tó ṣì di àpò mú. Bí mo ti wọ ibẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn bàbá mi tó ti kú lẹ́yìn mi: "Ọdẹ́yalé, o gbàgbé ọ̀bẹ rẹ!" Mo fọwọ́ kan ìbàdí, ọ̀bẹ wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ mi, mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi tó ń sunkún pé òun ṣubú. Ọrùn mi fẹ́ yí! Ṣùgbọ́n Ẹ̀mí Mímọ́ rán mi létí ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé kámẹ́rà lé èjìká, mo yí dígí ojú-ẹja sẹ́yìn, mo yà á, mo wá wo àwòrán náà níwájú mi.

Ẹ̀yin ará, iwin kan ṣoṣo ló ń sọ gbogbo ohùn náà. Pẹ̀yìndà ni orúkọ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu ààrò, etí rẹ̀ sì tóbi bí ewé kókò. Nígbà tí mo rí i, ẹ̀rù bà mí tán, ẹ̀rín sì pa mí.

Inú bí i. "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín, ọdẹ? Dá mi lóhùn kí o tó gbésẹ̀: ilé wo ni kò ní igun, tí kò ní ilẹ̀kùn, tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ ń rí gbogbo òde?"

Mo ní, "Àwòrán tí mo ń lọ yà ni."

"Irọ́ ni! Ẹyin adìyẹ ni."

"Òròmọdìyẹ tó wà nínú ẹyin, òde wo ló ń rí? Gba èyí kí o wò ó." Mo na kámẹ́rà sẹ́yìn lórí èjìká láì yíjú.

Ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ohùn tó wá fi sọ̀rọ̀ ni ohùn tirẹ̀ gan-an, ohùn kékeré. Ó ní, "Ṣé ojú mi nìyí? Láti ìgbà tí mo ti wà nínú igbó yìí, kò sí ẹni tó wò mí rí tí kò di ọ̀gán kí ó tó sọ bí mo ṣe rí fún mi." Ó tún wò ó. "Etí mi dára."

Mo ní, "Etí rẹ dára púpọ̀."

Mo gbọ́ tí iwin náà ń sunkún ayọ̀. Ó dá kámẹ́rà padà fún mi tìrọ̀rùntìrọ̀rùn, ó sì sìn mí dé òpin igbó.

Láníhùn ní, "Bàbá, iwin tó ń ya fọ́tò?"

Mo ní, "Láníhùn, ṣé ìwọ kò ya ti ìgbéyàwó rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí o ní imú rẹ kò jáde dáadáa?" Ìyàwó rẹ̀ ló pàtẹ́wọ́ jùlọ.

Lẹ́yìn igbó náà ni Ìlú Ìdajì. Ní ìlú yìí, bí wọ́n bá bí ọmọ, wọn a de ọrùn rẹ̀ kí ó má lè yí mọ́. Àwọn ará apá ìlà-oòrùn ń wo odò nìkan, àwọn ará apá ìwọ̀-oòrùn ń wo òkè nìkan. Bí ẹnì kan bá jáde nílé, ẹ̀yìn ẹ̀yìn ló máa ń rìn padà sílé. Àwọn tó ń wo odò ní ìlú olómi ni ìlú àwọn, àwọn tó ń wo òkè ní ìlú olókùúta ni, ìjà tó wà láàárín wọn sì ti ju ọjọ́ orí ọba wọn lọ.

Ọba wọn ni Tẹ̀gbẹ́kan. Òun náà kò lè yí ọrùn, nítorí náà mo ní láti lọ dọ̀bálẹ̀ ní ọ̀ọ́kán rẹ̀ gan-an kí ó tó rí mi. Mo sọ fún un pé mo ń lọ sí Àpáta Ìkúnlẹ̀.

Ó ní, "Inú ìlú mi ni ọ̀nà ibẹ̀ gbà. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí, wọ́n ní ó ń fi gbogbo ibi hàn. Fi ìlú mi hàn mí ní odindi. Bí mo bá rí ibi kan tí a gé, ibi kan tí kò bára mu, wàá dúró bí òpó láàárín ọjà wa fún ọdún kan."

Ọdún kan! Ojú ẹ̀gbọ́n mi kò ní oṣù mẹ́ta mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí, ẹnu mi kì í gbọ̀n. Mo ní kí gbogbo ìlú péjọ síwájú ààfin. Mo gbé kámẹ́rà sójú, mo di ojú kejì, mo fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, mo yí láti ìbàdí bí ọdẹ tó ń tọpa ẹyẹ: gbà! gbà! gbà! lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Mo jókòó, mo ní kí kọ̀ǹpútà rán wọn.

Háà! Òpó ààfin ṣẹ́ ní àárín bí egungun. Òrùlé kan gun èkejì. Olórí ìjòyè tó ń họ orí nígbà tí mo ń yà á ní ọwọ́ mẹ́ta, kò sì ní orí tí ọ̀kankan nínú wọn yóò họ.

Ọba tẹjú mọ́ ọn. "Ta ni ọkùnrin onímú méjì yìí?"

Ìjòyè kan wúkọ́. "Kábíyèsí, ẹ̀yin ni."

Ariwo ta. Wọ́n fẹ́ wá gbẹ́ ihò òpó mi lójú ẹsẹ̀. Ọba ní kí wọ́n fún mi di ọ̀la, wọ́n sì fi mí pamọ́ sí àgbàlá Ìyá Ṣẹ̀gi, amọ̀kòkò ìlú náà. Àlejò ni òun náà, ọrùn rẹ̀ ń yí dáadáa.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá."

"Ọdẹ, káàbọ̀. Ìwọ lo fún kábíyèsí ní imú méjì?"

"Èmi ni, mà."

"Ọ̀kan nínú wọn dára ju èyí tó ní tẹ́lẹ̀ lọ."

Ó ń mọ ìkòkò ńlá kan lọ́wọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìkòkò náà dúró sójú kan lórí ilẹ̀. Ìyá arúgbó yìí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lé e lórí, ó ń fi ẹ̀yìn rìn yí i ká, ó ń lẹ amọ̀ mọ́ ọn ní ìpele ìpele, ó ń fi àkísà tútù ra ojú wọn pọ̀. Ó yí i ká, ó yí i ká. Ìkòkò kò mira. Mo jókòó, mo ń wò ó, ẹnu mi là. Mo ti rí ẹtu tó fo odò, mo ti rí àṣá tó já bọ́ lórí ẹran, èmi kò rí ohun tó dára tó ìrìn ìyá yẹn rí. Kò ní àgbá kẹ̀kẹ́ tó ń yí, kò ní ìwọ̀n kankan, síbẹ̀ ìkòkò rẹ̀ gún ní gbogbo ẹ̀gbẹ́.

Ó ní, "Fi bí o ṣe yà á hàn mí."

Mo dìde, mo di ojú kan, mo fẹsẹ̀ múlẹ̀, mo yí.

Ó dúró, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Ọdẹ! Ìdí rẹ ló dúró, dígí rẹ ló ń rìn káàkiri! Bí ó bá wà níhìn-ín, ó rí iwájú òpó. Bí o bá yí, ó ti kúrò níbẹ̀, ó ń rí ẹ̀gbẹ́ òpó. Báwo ni wọn yóò ṣe bára mu? Bí èmi bá jókòó sójú kan tí mo ń ju ìkòkò kiri, ṣé ìkòkò ni màá mọ tàbí ọ̀pọ̀lọ́?"

Ojú tì mí, inú mi sì dùn. Mo tú igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń fi ṣe ẹrù lẹ́yìn. Mo gbé kámẹ́rà lé e. Mo so òwú mọ́ abẹ́ dígí náà, mo so òkúta kékeré mọ́ òwú, mo fi efun sàmì sí ibi tí òkúta ń tọ́ka sí nílẹ̀. Mo wá ń rìn yí i ká bí amọ̀kòkò. Nígbàkígbà tí òkúta bá kúrò lórí àmì, Ìyá Ṣẹ̀gi a ní, "Ó sáré!" èmi a sì tún un ṣe. Nígbà tí oòrùn yóò fi wọ̀, dígí mi ti kọ́ bí a ti ń dúró jẹ́ẹ́.

Ní òwúrọ̀, ìlú tún péjọ. Ọba pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá mira yóò gba imú kejì òun. Ẹ ò rí ìdákẹ́jẹ́ẹ́! Mo yà á, kọ̀ǹpútà rán an, mo gbé e síwájú ọba, mo sì fi ìka yí i díẹ̀díẹ̀, nítorí ọrùn rẹ̀ kò lè yí. Òpó dúró ṣinṣin. Imú kan. Odò tó mọ̀ láti ìbí rẹ̀ kọjá níwájú rẹ̀, lẹ́yìn odò ni ọjà, lẹ́yìn ọjà ni òkè ńlá kan tí ìkùukùu bo orí rẹ̀.

Ó ní, "Òkè ta ni èyí?"

Mo ní, "Òkè yín ni, kábíyèsí. Ẹ̀yìn yín ló wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín."

Ọba náà ní kí gbogbo ìlú wò ó. Wọ́n gbé àwòrán náà kiri. Àwọn olódò rí òkè, àwọn olókè rí odò. Obìnrin kan ní, "Nítorí náà ni omi wa fi tutù, láti orí òkè wọn ló ti ń ṣàn wá!" Mo sì rántí ọ̀rọ̀ Ṣókẹ̀yẹ, pé ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ díẹ̀ lára ẹnìkejì kí a tó lè rán wọn pọ̀. Ẹ̀yin ará, mo gbọ́ ìwàásù púpọ̀ láyé mi, díẹ̀ nínú wọn ló wọ̀ mí lára tó ohun tí mo rí ní ìlú yẹn. Ọba ní láti ọjọ́ náà lọ, wọn kò ní de ọrùn ọmọ kankan mọ́. Ó ṣí ọ̀nà fún mi.

Ìyá Ṣẹ̀gi nìkan ló wo àwòrán náà tó mi orí. Ó fi ìka rẹ̀ fà á lọ sókè títí ó fi rí ìsàlẹ̀. Ihò dúdú roboto kan wà níbẹ̀, níbi tí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dúró sí.

Ó ní, "Ìkòkò rẹ kò ní ìdí."

Mo ní, "Ìyá, ta ló ń wo ilẹ̀?"

"Ìdí ni mo máa ń ṣe kẹ́yìn. Bí ara rẹ̀ bá ti le díẹ̀, mo gbé e kúrò níbi tó jókòó sí, mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo wá dí ìdí rẹ̀. Mo gbàgbé lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo wà lọ́mọge. Etí odò ni mo ti rántí."

Mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́, mo sì gbàgbé. Ọlọ́run dárí jì mí.

Mo dé Àpáta Ìkúnlẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Mo ṣí fìlà. Gbogbo rẹ̀ wà bí a ṣe fi í sílẹ̀: igi àràbà níhà àríwá, pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó tẹ́ lọ títí dé ibi tí ojú kò rí mọ́, òdòdó pupa nínú pálapàla òkúta. Kòtò kékeré méjì náà wà láàárín, wọ́n sún mọ́ ara wọn, orúnkún obìnrin ni. Mo fẹ́ kí Àwẹ̀ró dúró gan-an níbi tí ìyá wa wà. Nítorí náà ni mo ṣe gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀ lórí ibẹ̀ gan-an, tí òkúta òwú tọ́ka sí àárín kòtò méjèèjì. Mo rìn yí i ká. Mẹ́fà. Mo ya òkè ọ̀run. Mo palẹ̀ mọ́, mo jókòó sábẹ́ àràbà, mo rán an. Ó dára dé ibi pé mo kọrin.

Ìgbà náà ni mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ihò dúdú. Kànga dúdú kan, ó bo orúnkún ìyá mi mọ́lẹ̀ pátápátá. Ohun kan tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi ojú rẹ̀ rí kẹ́yìn, èmi ni mo fi ẹsẹ̀ igi bò ó!

Mo gbójú sókè, òjò ti ṣú. Bí òjò bá kún inú kòtò méjèèjì, omi nìkan ni dígí yóò rí, ta ló sì mọ ọjọ́ tí yóò gbẹ? Mo sáré padà. Mo yọ kámẹ́rà kúrò lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo na ọwọ́: ìjì gbá mi, ọwọ́ tó dúró de ẹkùn ń gbọ̀n bí ewé. Òjìji mi sì tún bo kòtò kan. Mo yí sí apá kejì. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin: àyà mi lu òkúta, imú dígí fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, kò rí ju òkúta lọ. Mo dìde, ìjì tún tì mí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù tí ọwọ́ mi yóò fi dúró, tí dígí yóò fi ga tó.

Ẹ̀yin ará, mo kúnlẹ̀.

Mo na apá méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń fi ọrẹ sórí pẹpẹ. Ọwọ́ mi dúró. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ dìde, n kò lè dìde, kì í ṣe nítorí ọjọ́ orí. Mo ronú kan obìnrin kan tó ti sin ọmọ mẹ́rin, tó wá wà níhìn-ín fún ọjọ́ méje, tí ilẹ̀ sì gbọ́ ọ. Ohun tí mo sọ fún Ọlọ́run níbẹ̀, àárín àwa méjèèjì ni. Omi òjò ló jí mi, kòtò méjèèjì sì ti kún.

Nígbà tí mo ń rán ìdí àwòrán náà mọ́ ọn, mo rí i pé ojú-ẹja ti rí jù. Orúnkún tèmi náà wà ní etí rẹ̀, nínú ṣòkòtò ọdẹ aláwọ̀ ilẹ̀. Ojú tì mí, mo fẹ́ gé e kúrò. Ṣùgbọ́n bí mo bá gé e, ẹ̀gbẹ́ kòtò òsì yóò bá a lọ. Mo fi í sílẹ̀.

Láníhùn, ìwọ lo mọ ìyókù. Ìwọ lo kan àga tó ń yí fún ẹ̀gbọ́n mi. A gbé e jókòó láàárọ̀ ọjọ́ náà, a fi fóònù tí àwòrán náà wà nínú rẹ̀ sínú àpótí páálí onídígí méjì tí Ṣókẹ̀yẹ fi ránṣẹ́, a dè é mọ́ ọn lójú.

Àwẹ̀ró yí sí ọ̀tún. "Àràbà náà nìyẹn. Ó ti tóbi." Ó yí sí òsì, ó yí sẹ́yìn, ìwọ Láníhùn lò ń yí àga náà. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ojú ọ̀run yẹn kò yàtọ̀." Ó wá tẹ orí ba. Ó na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án.

"Ìyá mi," ó ní. "Orúnkún ìyá mi."

Ó tún tẹ orí ba sí i.

"Àlàdé. Orúnkún mẹ́rin ni mo ń rí."

Ó na ìka, ó tún wọn kà.

"Méjì wọ ṣòkòtò ọdẹ. Ti ta ni?"

Mo ní, "Tèmi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó di ọwọ́ mi mú. "Ojú mi ló rí i," ó ní. "Ìwọ kọ́ lo sọ fún mi. Ojú ara mi ló rí i."

Iṣu tuntun ti jáde báyìí, ojú ẹ̀gbọ́n mi sì ti pa dé bí dókítà ṣe wí. Ó ní kí n má ṣe kẹ́dùn, pé ohun tó wà níbẹ̀ kẹ́yìn tó òun láti máa wò títí.

Báyìí ni mo sọ ọ́ fún wọn. Nígbà tí mo parí, àlùfáà dìde, ó ní kí a kúnlẹ̀ gbàdúrà ìparí. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yíjú wò mí. Láníhùn kò sọ ohunkóhun. Ó wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó di ìgbọ̀nwọ́ mi mú, ó sì bá mi sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí orúnkún mi fi kan sìmẹ́ǹtì.

Ìwọ tí o ka ìwé yìí dé ìhín, kí Ọlọ́run mú ojú rẹ ríran títí dọ́jọ́ alẹ́. Ohun rere tó wà lẹ́yìn rẹ tí ìwọ kò mọ̀, kí ó yí i síwájú rẹ. Kí ilé rẹ má fọ́ sí méjì, kí ìwọ àti aládùúgbò rẹ máa rí ohun kan náà. Kí ìyá tó gbàdúrà fún ọ má gbàdúrà lásán, kí ilẹ̀ tí o bá sì kúnlẹ̀ sí rọ̀ lábẹ́ orúnkún rẹ. Àmín.